Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Ya Imọ̀ Ọ̀pẹ, Tí Kì Í Sì Í Dákẹ́

Nígbà láéláé, kí ọmọ èèyàn tó fi ìka ọwọ́ ka ohunkóhun rí, ẹ̀gà ni ẹyẹ tó dákẹ́ jù nínú gbogbo ẹyẹ. Wọn a jí, wọn a kí ara wọn jẹ́jẹ́, wọn a lọ wá oúnjẹ, wọn a padà sílé. Bí o bá gba abẹ́ ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbé kọjá, o lè rò pé kò sí ẹnì kankan nílé.

Ọ̀pẹ náà kò rí bó ṣe rí lónìí. Gbogbo imọ̀ rẹ̀ ló gún régé, kò sí ọ̀kan tó ya. Ó sì fẹ́ràn irun orí rẹ̀ bí ọmọge. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á mi orí síhìn-ín, á mi orí sọ́hùn-ún, á ní, "Ẹ wò mí dáadáa o."

Ìyá kan wà láàárín àwọn ẹ̀gà yìí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe aláròyé rárá. Lọ́dún kan, ó yé ẹyin, ó sàba lé wọn, ó ń retí ọmọ. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹnì kan ń kó àwọn ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun kò sì mọ̀, títí ó fi dé lọ́jọ́ kan tó bá ìtẹ́ òfìfo.

Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Láyé ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀gà kò mọ òǹkà. "Ó pọ̀" àti "kò pọ̀" nìkan ni wọ́n mọ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, Àwẹ̀ró tún yé. Ó fi ìyẹ́ bo àwọn ẹyin náà, ó ní, "Ẹlẹ́dàá mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún sunkún lórí ìtẹ́ òfìfo. Ẹ fi ọgbọ́n kún adúrà mi."

Ó bá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá yòókù. Àṣé ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Wọ́n fikùn lukùn, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ Lékèélékèé. Wọ́n ní ó mọ òǹkà gan-an."

Lékèélékèé dé. Ó funfun báláú, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀.

"Tíṣà ni kẹ́ ẹ máa pè mí," ó ní, kí wọ́n tó kí i tán.

Ó dúró sórí imọ̀ kan, ó na ọrùn. "Ohun tí mo bá wí ni kẹ́ ẹ wí. Ení!"

"Ení!" ni gbogbo wọn dáhùn.

"Èjì!"

"Èjì!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ẹ̀wá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mumi. Ó dùn lẹ́nu wọn bí orin, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jó sí i.

"Ó tán," ni Tíṣà wí. "Òǹkà ti wọ̀ yín lára. Ẹ lọ ka ẹyin yín."

Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyá Ìdòwú, tí ìtẹ́ rẹ̀ kángun sí ti Àwẹ̀ró, ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó wo inú ìtẹ́, ó dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá! Ẹyin mi pé mẹ́wàá!"

"Mẹ́wàá ni tèmi náà!" ni ẹlòmíràn wí.

"Háà, èmi náà, mẹ́wàá géérégé!"

Gbogbo orí ọ̀pẹ di mẹ́wàá, mẹ́wàá. Inú Tíṣà dùn, ó ń mi orí. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀kọ́ tó yanrantí nìyẹn."

Ejò ká jọ sí ìdí imọ̀ kan nísàlẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ẹyin kan nílé Ìyá Ìdòwú, ó gbé ọ̀kan nílé Àwẹ̀ró. Nígbà tí àwọn ìyá dé lálẹ́, wọ́n tún kà á. Mẹ́wàá náà ni. Ejò nu ẹnu, ó sùn.

Àwẹ̀ró náà ka mẹ́wàá. Àmọ́ bó ti sàba, ó rí i pé òtútù wà lábẹ́ apá òsì òun, níbi tí nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà láàárọ̀. Ó dìde, ó tún un kà. Mẹ́wàá. Ó tún jókòó. Òtútù.

"Ẹnu mi ń sọ ọ̀kan," ó sọ ọ́ sínú, "àyà mi ń sọ òmíràn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Tíṣà létí odò, níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Òǹkà tí ẹ kọ́ wa yìí, ó dà bíi pé kò rí ẹyin."

"Kò rí ẹyin bí ti báwo?" Tíṣà dúró lórí ẹsẹ̀ kan. "Àwọn ẹyẹ orí igi mẹ́rìndínlógún ni mo ti kọ́ ní òǹkà, kò sẹ́ni tó bi mí nírú ìbéèrè yìí rí."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀wé, Tíṣà. Ẹ kàn bá mi délé ni."

Tíṣà tẹ̀ lé e, ó ń kùn. Ó ki orí bọ inú ìtẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Kó tó dé àrún, ẹyin ti tán lójú rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì ń sáré lọ. Ó dé ẹ̀wá. Ó wo àwọn ẹyin. Àfi bíi pé àwọn ẹyin náà ń wò ó.

"Ẹ dákun, ẹ tún un kà," ni Àwẹ̀ró wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó tún un kà. Mẹ́wàá. Ọrùn gígùn náà wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹnu ló ń sáré ju ojú lọ, Tíṣà," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹyin kan ṣoṣo lè gba orúkọ mẹ́ta lẹ́nu wa, torí kò sí ohun tó dá ẹnu dúró."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Imọ̀ ọ̀pẹ kan rọ̀ sílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó fẹnu gé etí ewé rẹ̀ kan, ó fà á sẹ́yìn, fọ́nrán gígùn kan sì ya jáde, fáàà. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin kan. Ó ya òmíràn, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí kò fi sí ẹyin tí kò ní fọ́nrán tirẹ̀.

"Ẹ wá kà á báyìí. Ẹ má tíì pe èyí tó kàn, àfi tí ẹ bá fẹnu kan fọ́nrán kan."

"Ení," ni Tíṣà wí, ó fẹnu kàn án. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Ó ya ẹnu láti pe àrún, kò rí fọ́nrán tí yóò fẹnu kàn. Ó pa ẹnu dé.

Lẹ́yìn náà ló fò sókè. "Mẹ́rin ni! Mẹ́rin ni, Àwẹ̀ró!"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ojú tì í. Àmọ́ kò jẹ́ kí ìtìjú náà pẹ́ lára òun. Ó fò lọ sórí ọ̀pẹ, ó ké: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ padà sí kíláàsì o! Èyí tí mo kọ́ yín kò pé. Kí kálukú ya fọ́nrán. Ẹyin kan, fọ́nrán kan, orúkọ kan!"

Ni wọ́n bá ya lu imọ̀ ọ̀pẹ.

"Yéè! Irun mi!" ni Ọ̀pẹ ké.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba Ọ̀pẹ. Díẹ̀ báyìí ni."

Ìyá Ìdòwú tẹ́ fọ́nrán tirẹ̀. Ó kà á: "Ení. Èjì." Ó tán. Ó wo ìdí ìtẹ́, ó wo abẹ́ apá ara rẹ̀, ó sì fi igbe ta. "Mo gbé o! Wọ́n ti jí mẹ́jọ mi!"

"Ìyá Ìdòwú," ni Tíṣà wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, "mẹ́wàá àná yẹn, orin ni. Kì í ṣe ẹyin."

"Kí lẹ wí? Ṣé orin ni mo sàba lé láti àná?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó kọ́kọ́ fajúro ná.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró fẹnu kan fọ́nrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ẹ̀rin, ó sì gbéra lọ wá èso koríko. Kó má baà gbàgbé, ó ń pè é lẹ́nu lọ lójú ọ̀nà: "Ẹ̀rin, ẹ̀rin mi, ẹ̀rin."

Kò pẹ́ tó lọ tán ni Ejò gòkè. Ó rí ẹyin, ó rí fọ́nrán. Ejò kì í ṣe òmùgọ̀.

"Hẹ́n," ó ní. "Bí mo bá gbé ẹyin nìkan, fọ́nrán kan á ṣẹ́kù, wọ́n á mọ̀. Kò burú. Mo ń gbé méjèèjì." Ó gbé ẹyin kan mì, ó sì gbé fọ́nrán rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àwẹ̀ró dé. Ó wo ìtẹ́. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ló ní fọ́nrán, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ní ẹyin. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó jókòó, ló bá ní kí òun fẹnu kàn wọ́n ná.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Ẹnu rẹ̀ dúró. Fọ́nrán ti tán, àmọ́ ahọ́n rẹ̀ kò tíì gbàgbé ẹ̀rin tó ń pè láti àárọ̀.

"Ẹ̀rin ni mo gbé lẹ́nu lọ," ó ní. "Ẹ̀ta ni mo bá nílé."

Ìtẹ́ òfìfo ti èṣí wá sí i lójú. Àwẹ̀ró, tí kì í ṣe aláròyé, ya ẹnu, ó sì ké tó fi jẹ́ pé gbogbo igbó gbọ́: "Ẹ̀rin ni tèmi o! Ẹ̀rin! Ọ̀kan ti lọ! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ìyá ló sáré wọ ìtẹ́ tirẹ̀. "Èjì ni tèmi, ó pé!" "Ẹ̀ta ni tèmi!" "Àrún ni tèmi, ẹ jẹ́ n tún un wò!" Orí ọ̀pẹ ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀.

Ejò fẹ́ yọ́ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ fọ́nrán tó gbé mì ti há a ní ọ̀nà ọ̀fun, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. "Hó! Hó!"

"Ta ló ń wúkọ́ níbẹ̀ yẹn?" ni Ìyá Ìdòwú bi.

Wọ́n yí ojú sísàlẹ̀, wọ́n sì rí i. Wọ́n bò ó. Àwọn kan ń ṣá a lórí, àwọn kan ń ṣá a nídìí, Tíṣà sì fi ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ méjèèjì tẹ ìrù rẹ̀ mọ́ igi. Ejò wú ikọ́ ńlá kan, fọ́nrán fò jáde. Ó tún wú òmíràn, ẹyin yí gbirigbiri tẹ̀ lé e, kò tíì fọ́, ó bọ́ sínú ìyẹ́ Àwẹ̀ró.

Ó tutù, itọ́ sì bò ó. Àwẹ̀ró fi àyà bò ó, kò kúrò lórí rẹ̀ títí ẹyin náà fi lọ́wọ́ọ́wọ́.

Nígbà tí Ejò já mọ́ wọn lọ́wọ́ tó délẹ̀, ó gbójú sókè. "Ohun tó wà nínú ìtẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n jí," ó ní. "Ta ló mọ̀ pé ẹ tún kó òmíràn pa mọ́ sẹ́nu? Kò burú. Ọjọ́ kan ni ẹnu yín á dákẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ń bọ̀."

"Ẹnu tèmi kó dákẹ́?" ni Ìyá Ìdòwú fèsì. "Lọ jókòó jàre."

Nígbà tó yá, ẹyin Àwẹ̀ró pa. Tíṣà wá kí i, ó na ọrùn wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na apá sí àwọn ọmọ náà. "Ení, è..."

"Tíṣà!" ni Àwẹ̀ró dá a dúró. "Ẹyin là ń kà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa," ni Tíṣà wí, ó fa ọrùn rẹ̀ jáde.

Òjò bẹ̀rẹ̀, Tíṣà gbéra lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kò dá ẹ̀kọ́ wọn dúró. Fọ́nrán a máa gbẹ, atẹ́gùn a sì máa gbé e lọ, nítorí náà wọ́n ń ya tuntun lójoojúmọ́. Èyí tó bá ti gbó, wọ́n á fi í hun ògiri ìtẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀pẹ rí òjìji ara rẹ̀ nílẹ̀. Orí ti rí págunpàgun, irun ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

"Àwẹ̀ró!" ó pariwo. "Ìwọ ọmọ yìí lo kọ́kọ́ fà mí nírun. Ẹ ti fá mi lórí tán, ariwo yín kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ó tó. Ẹ dákẹ́, kí ẹ sì fi imọ̀ mi sílẹ̀."

Gbogbo ẹ̀gà wo Àwẹ̀ró. Ó tún ti yé ẹyin nígbà náà, ó ń sàba lọ́wọ́. Ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Baba," ó ní. "Irun yín á tún hù. Ẹyin tí ejò bá gbé mì kì í hù."

Ọ̀pẹ bá tẹ imọ̀ tútù kan sílẹ̀, èyí tí ẹnì kankan kò tíì fọwọ́ kàn, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró.

"Yà á jẹ́jẹ́," ó ní.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gà ti ń ya imọ̀ ọ̀pẹ ní fọ́nrán-fọ́nrán, tí wọ́n ń fi hun ìtẹ́, tí wọn kì í sì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ̀yin ọmọ bá gba abẹ́ wọn kọjá, ẹ má sọ pé ìjà ni wọ́n ń jà. Ìyá kọ̀ọ̀kan ló ń pe iye ẹyin tirẹ̀ kó má baà gbàgbé, torí Ejò ṣì wà nísàlẹ̀, ó tẹ́tí, ó ń dúró.