Ètò Kékeré inú Kọ̀ǹpútà Ayafọ́tò

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tó ń ya fọ́tò. Láti ayé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó fíìmù àwọn ará ìlú pamọ́ sínú àpótí, nọ́ńbà nìkan ló sì wà lára àpótí. Ó ra kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò kékeré kan sínú rẹ̀: tẹ orúkọ ẹni, yóò sọ nọ́ńbà àpótí tí fíìmù ẹni náà wà nínú rẹ̀. Kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sanwó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Háà, ètò yẹn dára! Kí o tó jókòó tán, ó ti bá ọ rí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ.

Nígbà tó yá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òkukù àti Ìrágbìjí, ó so gbogbo wọn mọ́ ètò kan náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún un.

"Ètò yìí ò lẹ́bi o. Ilé kan ló mọ̀ ọ́n sìn. Bí ọwọ́ púpọ̀ bá ń kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kan náà láti ọ̀nà jíjìn, yóò dàrú. Wá èyí tó tóbi."

Ayafọ́tò ní, "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?"

Ètò náà ń dákú, ayafọ́tò ń jí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Kò sì ní ẹ̀dà orúkọ inú rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni obìnrin kan dé. Iná ti jó ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, fọ́tò kan ṣoṣo tó ní ti ìyá rẹ̀ tó ti kú sì bá a lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá yín ló ya màmá mi. Ọwọ́ wọn ni mo ń rántí, mi ò rántí ojú wọn mọ́."

Ayafọ́tò wo yàrá tí àpótí kún dé òrùlé. Ìyá náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ inú èwo. Títí dòní, obìnrin náà ń wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó ń gbé fíìmù sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọwọ́ tó mọ̀. Ìyá àwọn ẹlòmíràn ló ń rí.

Ìwọ ni mò ń bá wí, má wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ń tọ́jú ìyá yín, ó ń ṣe é dáadáa. O kó àwọn ọmọ rẹ tì í, o tún fi ṣọ́ọ̀bù rẹ kún un, o ní kò ráhùn, bí ayafọ́tò ṣe ní ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣebí òòyì kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ lójú lọ́jọ́ Àìkú tó ṣubú? O ní ó ti dìde. Má jẹ̀ẹ́ kó di pé inú fọ́tò ni wàá ti máa wá ojú ẹ̀gbọ́n rẹ. Dìde, lọ gba ẹrù rẹ lórí rẹ̀.