Ẹ Ní Kí Ewúrẹ́ Dúró, Dókítà Ń Bọ̀

Ewúrẹ́ wo lẹ rí rí tí ẹ ní kó dúró, tó sì dúró? Èyí tí ẹ ń lé nídìí iṣu gan-an, ẹ̀yìn ògiri ló ń sá lọ láti lọ ronú bí yóò ṣe padà wá. Síbẹ̀, ní ìlú Ìdóòṣun, bí ẹnì kan bá kó gbogbo iṣẹ́ sábẹ́ abíyá, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé: "Ẹ ní kí ewúrẹ́ dúró, Dókítà ń bọ̀." Àlejò á wo ọ̀tún, á wo òsì, kò ní rí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ti ṣe tirẹ̀ tán, ìtàn rẹ̀ ló kù.

Dókítà Akínbọ̀dé ló dá ilé ìwòsàn ẹran sílẹ̀ ní Ìdóòṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àwọn ẹlẹ́ran. Ó kàwé, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó gbà pé Ọlọ́run kò dá ọwọ́ mìíràn sáyé lẹ́yìn tòun. Òun ló ń fún màlúù lábẹ́rẹ́, òun ló ń gé èékánná ajá, òun ló ń da omi sílẹ̀ fún adìẹ. Òun náà ló ń gbálẹ̀, nítorí ẹni tó gbá a lánàá kò gbá abẹ́ àga dáadáa. Nígbà tó yá, ó gba dókítà mìíràn síṣẹ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdùnọlá, tó kàwé gboyè bíi tirẹ̀. Kí wá ni iṣẹ́ Dókítà Àdùnọlá? Iṣẹ́ ńlá ni o! Òun ló ń kí àwọn oníbàárà káàbọ̀, tó ń ní kí wọ́n jókòó de ọ̀gá.

"Ọwọ́ tèmi ni wọ́n mọ̀," ni Dókítà máa ń wí fún un. "Bí ẹran bá kú lọ́wọ́ rẹ, orúkọ ta ni yóò bàjẹ́?"

Kọ́bọ́ọ̀dù tí irinṣẹ́ àti oògùn wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan péré ló ní, ìdí ṣòkòtò Dókítà ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sì ń gbé. Àwọn kan ní ó ń gbé e sùn. Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀, kò bá wọn jiyàn.

Ní ọjọ́ ọjà kan, Dókítà gun ọ̀kadà lọ sí ilé Olóyè Jagun ní ìsàlẹ̀ ìlú. Kí ló gbé odindi ọ̀mọ̀wé lọ síbẹ̀? Ajá Olóyè ló fẹ́ lọ wẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ajá náà, eruku lásán ló wà lára rẹ̀. Àdùnọlá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lọ, ṣùgbọ́n Dókítà rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ? Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀yìn etí ajá?"

Ó ti fi ọṣẹ kun ajá tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àdùnọlá ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, wọ́n gbé ewúrẹ́ kan dé. Ó ti ń rọbí láti àárọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ti yọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yí sẹ́yìn. Mo lè tún un ṣe, Sà, bí ẹ bá ti gbà."

"Má fọwọ́ kàn án! Mò ń bọ̀."

"Ewúrẹ́ yìí ò lè dúró, Sà. Ẹni tó ni ín sì ni—"

"Ẹni yòówù kó ni ín! Ní kí ewúrẹ́ dúró. Sọ fún un pé Dókítà ń bọ̀."

Ó pa fóònù, ó sì padà sí ẹ̀yìn etí ajá, nítorí ó ku ti apá òsì.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Àdùnọlá ló kọ́kọ́ rí. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ìgò òróró ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú kan ń lá ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?" ni Dókítà fi igbe bọnu.

"Èmi ni," ni ohùn kan wí láti orí bẹ́ǹṣì.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni, àna rẹ̀. Dókítà tún wo ewúrẹ́ náà, ó sì dá a mọ̀. Ọmọọmọ ewúrẹ́ ìdána ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fà wá sílé wọn lọ́jọ́ tó wá fẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Màmá kò pa á, kò tà á; ó ní ìran ewúrẹ́ náà kò gbọdọ̀ parẹ́ lọ́wọ́ òun.

Dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi àti ẹ̀jẹ̀. Màmá tí kì í pè é ju "ọmọ mi" lọ wo ìfófòó ọṣẹ tó gbẹ sí i lápá.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ajá ti mọ́?"

Dókítà fa ọwọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ bo ìfófòó náà.

"Ohùn yín ò kéré nínú fóònù, mo gbọ́ ọ ketekete. Ẹ ní kí ewúrẹ́ dúró." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ká aṣọ kan kúrò lórí ọmọ ewúrẹ́ mìíràn, tó nà tàntàn sílẹ̀. "Èyí gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ó dúró."

"A kọ́kọ́ dúró dè yín, Sà," ni Àdùnọlá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí mo fi máa tún orí rẹ̀ ṣe, ó ti kú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo gbà là. Òróró ìdáná ni mo fi pa ọwọ́ kó lè yọ̀, torí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́dọ̀ yín."

Ojú ti Dókítà dé egungun. Iṣẹ́ tí kò ju ká nawọ́ ká yí orí ọmọ padà lọ, òun ló dá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dúró, nítorí etí ajá. Ó tú kọ́kọ́rọ́ nídìí ṣòkòtò, ó gbé e fún Àdùnọlá. Ìka rẹ̀ kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ o, Àdùnọlá ní láti fà á díẹ̀.

Nígbà tí ọjà yóò fi tú, gbogbo Ìdóòṣun ti gbọ́. Láti ìgbà náà, bí àwọn oníbàárà bá pọ̀, ẹ óò rí Dókítà lábẹ́ igi fúrúùtù níta, tó fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá kí ọwọ́ náà má baà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ìyà ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, ẹ bá a dárò. Àdùnọlá wà nínú ilé, ó ń gba ẹran là. Bí ewúrẹ́ kan bá ké, tí Dókítà bá fẹ́ dìde pẹ́rẹ́, àwọn ẹlẹ́ran inú ọjà ni yóò pa ohùn pọ̀:

"Ẹ ní kí ewúrẹ́ dúró, Dókítà ń bọ̀!"

Dókítà á rọra padà jókòó.