Apá Olóko Nínú Àáró

Oníṣòwò páànù kan wà ní Èkó, ọlọ́yàyà ènìyàn, tí kì í gbẹ́yìn bí ìjọ rẹ̀ bá ń ṣe ohun rere. Lọ́dọọdún, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi, ìjọ náà máa ń kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ sí ìgbèríko láti fi ọ̀sẹ̀ kan ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún tí à ń wí yìí, abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n ń lọ, nítorí ìjì ti ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọkùnrin yìí fi páànù ta ìjọ lọ́rẹ, ó sì ní òun fúnra òun yóò bá wọn kàn án.

Ọ̀nà abúlé náà gba ẹ̀gbẹ́ ìlú bàbá rẹ̀ kọjá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé oríta ibẹ̀, àwọn yòókù ń kọrin. Ó rí igi àgbálùmọ̀ tó wà ní oríta, ó rí ọ̀nà eléruku tó yà sí ilé ìyá rẹ̀, ó sì rọra fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Ó sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé oòrùn ń pa òun lójú. Oòrùn ò sí lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó máa ń fi owó ránṣẹ́ sí i, kì í sì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè yà síbẹ̀, ìyá yóò bi í pé kí ló dé tí kò wá lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá rẹ̀ yóò tún gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dìde, gbogbo ẹni tó gbé e pọ̀n rí ni yóò sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá a wí. Níbi tó ń lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Tirẹ̀, oko ló fi ṣe ibi ìsinmi ilé.

Ó ṣiṣẹ́ lábúlé náà, a ò lè fi ìyẹn dù ú. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gun òrùlé láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, á jókòó ti àwọn ìyá àgbà, á máa bá wọn bó ẹ̀gúsí, á máa gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní kánjú. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò, ó ń rò ó pé: ta ni ọkùnrin yìí, níbo ló sì ti wà láti ọjọ́ yìí?

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, baálẹ̀ abúlé náà kó iṣu fún wọn, ó dúpẹ́, ó wá béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni iṣẹ́ tiyín wà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Bàbá, Ọlọ́run ni yóò san án.”

“Ọlọ́run á san tirẹ̀. Tiwa ni mò ń béèrè.”

Ìjọ rò pé ọrẹ làwọn ta. Lójú baálẹ̀, àáró ni. Bí o bá bá mi ṣiṣẹ́ lóko lónìí, èmi náà á dúró lóko tìrẹ lọ́jọ́ mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó níbẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́lé. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, ojú kì í gbà á jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́. Oníṣòwò páànù ló sún mọ́ baálẹ̀ jù, òun ni baálẹ̀ sì dì lọ́wọ́ mú. “Ilé bàbá tìrẹ ńkọ́, níbo ni?” Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó fi ẹ̀rín dárúkọ ìlú náà àti agbo ilé wọn, ó sì wọlé jókòó.

Nígbà tó dé Èkó, ó jẹ́rìí nínú ìjọ. Ó ní ìrìn àjò náà ti sọ òun di ẹni ọ̀tun, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Báwo la ṣe máa mọ̀?” Kò pẹ́ tí wàhálà ọjà fi gbà á lọ́kàn, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn oníbàárà. Òun náà rí i pé sùúrù yẹn ò bá òun délé, kò sì mọ ibi tó já bọ́ sí.

Ọyẹ́ dé, iṣẹ́ oko dínkù. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

“Àjàdí, àwọn èèyàn rẹ wà níbí o.”

“Èèyàn mi wo, Màámi?”

“Wọ́n ní ẹ jọ kan páànù. Wọ́n kó òòlù dání. Wọ́n ní àáró làwọn wá san, kí n fi iṣẹ́ han àwọn.”

“Kí lẹ wá fi hàn wọ́n?”

“Kí ni ǹ bá fi hàn wọ́n? Òrùlé náà ni. Gbogbo òjò tó kọjá yìí ló fi ń jò. Mi ò fẹ́ dà ọ́ láàmú ni.”

Ojú tì í. Ó jókòó sórí òkìtì páànù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì sunkún.

Àwọn ará abúlé yọ igi tó ti jẹrà, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dí ojú ihò. Yàrá ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n dé orí yàrá tó gbẹ̀yìn, baálẹ̀ wọn béèrè ẹni tó ni ín. Ìyá ní ti ọmọ òun ni. Ni baálẹ̀ bá ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

“A kì í parí àáró lẹ́yìn olóko, Ìyá. Apá tirẹ̀ ló kù yẹn.” Wọ́n fọwọ́, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ náà dé, òun àti páànù nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkọ̀ akẹ́rù ò ní kọ́tìnì. Gbogbo ohun tó ń sá fún ló bá nílé: ìyá bi í ní ìbéèrè rẹ̀, àbúrò bàbá gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dìde bí a ti mọ̀ ọ́n. Ó gun òrùlé. Sùúrù tó ní lábúlé, ó wá a kiri lókè níbẹ̀, ó sì rí díẹ̀. Nísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ ń gbé abọ́ tó ti fi ń gbe òjò kúrò nínú yàrá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèríko dé, tó ò ń sọ fún gbogbo wa pé ìrìn àjò náà ti yí ọ padà, mi ò bá ọ jiyàn. Tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ò jò mọ́, iṣẹ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá, ọ̀sẹ̀ kan tó láti fi jẹ́ ènìyàn rere. Nígbà tí ẹ̀ ń lọ, oríta wo lo fa kọ́tìnì bò? Ibẹ̀ ni apá tìrẹ kù sí.