Ẹ̀wù Akínwándé
Olóyè Báńkọ́lé, alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú, ti kó ẹ̀wù tí gbogbo ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n fọwọ́ sí jọ, ó ku ti Akínwándé nìkan. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Akínwándé, tí ẹbí ń pín ogún lọ́wọ́, ló já wọlé tọ Ìbídùn, opó rẹ̀: "Gbé ẹ̀wù yẹn fún mi, àbí kí o kó jáde nínú ilé tí ẹgbẹ́ fún ọkọ rẹ!" Ìbídùn kò jiyàn. Ó gbé ẹ̀wù jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ gbà á, sà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́rìí mi o: nínú ẹbí yìí, ẹni tó bá gba ẹ̀wù òkú ló gba ẹrù òkú. Ọmọ mẹ́rin rèé, sà. Ìyá ọkọ mi tójú ti fọ́ rèé. Èmi náà rèé." Àwọn àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Olóyè fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. "Mi ò gbà á mọ́! Ẹ máa gbé ilé yín!" Ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti yíjú sí wọn, ó na ẹ̀wù ọ̀hún síwájú. Kò sí ẹni tó nawọ́.