Ìkarahun Ìgbín Láàárín Erin àti Ẹfọ̀n

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yìí, ọjà ni ó gbà lọ. Ó bá Erin níbẹ̀, ó bá Ẹfọ̀n, ó sì bá Ìyá Àparò tí kò ju ìkúùkù lọ."

"Ìyá Àgbà, ta ni ó lágbára jù nínú wọn?" Ìgè ni ó béèrè.

"Fara balẹ̀, Ìgè. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí náà nìyẹn."

Ní ìgbà kan rí, ọjà kan ṣoṣo ni ẹranko àti ènìyàn jọ ń ná. Erin ni ó ni òkè tí iyọ̀ wà. Ẹfọ̀n ni ó ni etí odò tí ọkà bàbà ti ń ṣe dáadáa. Igbá Erin ni gbogbo ayé fi ń wọn ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti wọn nǹkan tán, Erin a bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀.

"Ṣé Erin ní ọwọ́ ni?" Àsàbí ní.

"Ọwọ́jà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀kúnwọ́ Erin kan, yóò bọ́ gbogbo ilé yìí yó."

Ó wá di ọjọ́ kan, Ẹfọ̀n gbé igbá tirẹ̀ dé, ó gbé e kalẹ̀ gbì!

Erin wò ó. "Kí ni ìyẹn?"

"Igbá ni. Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

"Àwa mà ní igbá lọ́jà yìí."

"Ìwọ ni o ní igbá. Ọkà mi ni ó kún ọjà, ìwọ ni ò ń bu ẹ̀kúnwọ́. Ó tán lónìí."

Bí ìjà igbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Erin ń fi èènì fa oníbàárà, Ẹfọ̀n náà ń fi èènì fà wọ́n. Ẹni tí ó ra iyọ̀ díẹ̀ ń gba èènì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ó rà. Àwọn ẹranko kéékèèké ń jó.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" Ìgè ní. "Kí wọ́n máa jà lọ!"

"Ohun tí àwọn náà sọ nìyẹn, Ìgè. Dúró ná."

Nígbà tí èènì kò yanjú ìjà, Erin pariwo láti orí òkè: "Ẹni tí ó bá fi igbá Ẹfọ̀n wọn nǹkan kò gbọdọ̀ kan iyọ̀ mi mọ́!"

Ẹfọ̀n dáhùn láti etí odò: "Ẹni tí ó bá fi igbá Erin wọn nǹkan kò gbọdọ̀ kan ọkà mi mọ́!"

Ọjà dá páróró.

Ìyá Àparò ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè. Iyọ̀ wà nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní irúgbìn ọkà kankan. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀. Bí kò bá gbin ọkà kí ilẹ̀ tó gbẹ, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ? Ó gbé iyọ̀ rẹ̀, ó ń lọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Igbá ta ni ká fi wọ̀n ọ́n?"
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀, wọ̀n ọ́n!"
"Ti Erin, Ẹfọ̀n ń bínú."
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀, wọ̀n ọ́n!"
"Ti Ẹfọ̀n, Erin ń janú."
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀, wọ̀n ọ́n!"
"Òjò dé, ọmọ mi ń ké."
"Kẹ̀rẹ̀kẹ̀, wọ̀n ọ́n!"

Ó pàdé Òkété ará etí odò láàárín ọjà tí ó ti ṣófo. Òkété gbé ọkà dání, ó ń wò yán-ìn-yán-ìn.

"Bàbá Òkété, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà wo, Ìyá Àparò? Ọbẹ̀ ilé mi ti di omi gbígbóná. Kò sí iyọ̀! Ìyàwó mi ní kí n má padà wálé lọ́wọ́ òfo."

"Ọkà ni èmi ń wá. Ṣùgbọ́n igbá dà?"

Bí Ìyá Àparò ṣe ń rìn yí ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ìkarahun ìgbín kan tí ó ti gbẹ. Ó gbé e sókè, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ nù.

"Igbá Erin kọ́ nìyí. Igbá Ẹfọ̀n kọ́ nìyí. Òfin ta ni a óò rú?"

Òkété rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Wọ́n wọn iyọ̀ ní ìkarahun, wọ́n wọn ọkà ní ìkarahun. Ìyá Àparò fi iyọ̀ díẹ̀ ṣe èènì, Òkété fi ọkà díẹ̀ ṣe èènì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ìyá Àparò gbin ọkà rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́, Ẹtu gbọ́, àwọn ènìyàn gbọ́. Gbogbo wọn wá. Wọ́n fi ìkarahun sí àárín ọjà níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti tó o. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ẹ̀kúnwọ́.

Igbá Erin ń gbẹ sínú oòrùn. Igbá Ẹfọ̀n ń gba omi òjò. Ọkà ń wu Erin jẹ. Iyọ̀ ń wu Ẹfọ̀n lá, ó ti ń lá òkúta kiri.

Àwọn méjèèjì dé ọjà lọ́jọ́ kan náà. Erin gbé ẹsẹ̀ sókè. "Ìdọ̀tí yìí ni ẹ fi pa igbá mi tì? N óò tẹ̀ ẹ́ fọ́!"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá," ni Ìyá Àparò wí. "Ìkarahun pọ̀ nínú igbó. Àmọ́ ta ni yóò tún bá yín ná ọjà?"

Ẹfọ̀n ké láti ẹ̀yìn: "Má tẹ̀ ẹ́ o! Itọ́ ti dá sí mi lẹ́nu, iyọ̀ ni mò ń retí!"

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Erin rọra gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tò sẹ́yìn Ìjàpá tí ó ń dúró de ìkarahun.

Nígbà tí ọkà Ìyá Àparò yọ ewé, ó kan Erin láti tọ́jú ìkarahun. Ẹ̀rù ba gbogbo ọjà. Àmọ́ láti àárọ̀ títí ọjà fi tú, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Erin fi dúró, kí ó má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ẹfọ̀n sì dúró tì í, kí Erin lè rí nǹkan fara tì.

"Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí gbogbo wa fi ń wọn ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan, bó ti wù kí ó tóbi tó. Ibi tí mo bá a dé nìyí. Bí mo bá jẹ́ kí ó dín, kí Ìgè má rí èènì gbà lọ́jà lọ́la."

"Háà, Ìyá Àgbà! Kí ló kàn mí níbẹ̀?"