Aláró Tí Kì Í Kí Òṣìṣẹ́ Rẹ̀

"Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíì." Tàgbà tèwe ló ń pa á lówe, síbẹ̀ ó ń rú àwọn kan lójú. Ẹni tí a bọ́ yó, tí a sanwó fún, kí ló tún fẹ́ fi ìyìn ṣe?

Ohun tí Ẹfúnbọ̀wálé náà rò nìyẹn. Òun ló ni ọgbà aró tó tóbi jù létí odò. Ó ta àtíbàbà kí oòrùn má baà pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ń fún wọn lóúnjẹ àárọ̀, owó wọn kì í sì í pẹ́. Àmọ́ "Àrẹdú o" tí tọmọdé tàgbà fi ń kí aláró kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti wọlé, àléébù lojú rẹ̀ ń wá. Ó ní ìyìn a máa ba òṣìṣẹ́ jẹ́.

Ọyatúndùn ló mọ iṣẹ́ jù nínú wọn. Kí aṣọ tó wọ ìkòkò, yóò fi ìka kan aró, yóò tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta á lẹ́nu tó, yóò sẹ́ omi eérú mìíràn sí i. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Nígbà ọdún, ó rẹ aṣọ kan tó dúdú, tó ń dán. Inú Ẹfúnbọ̀wálé dùn dénú, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Etí ibí yìí rọ́," ó sì gbé aṣọ náà wọlé.

Kò pẹ́ ni Ìyálóde kó ogún aṣọ wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yọ wọ́n nínú aró, gbogbo wọn ṣá bí omi eérú. Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí ìgbéyàwó pé. Ẹfúnbọ̀wálé kọjú sí Ọyatúndùn.

"Ọyatúndùn, o ò tọ́ ọ wò ni?"

"Ẹ ní kí n rẹ aṣọ, ìyá. Mo rẹ ẹ́."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Aṣọ ọdún yẹn ni mo retí pé kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí. Etí tó rọ́ nìkan lẹ rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ẹfúnbọ̀wálé lára, nítorí aṣọ yẹn gan-an ló ró sídìí. Látọdún, kò tíì fi òmíràn jáde. Ó yí padà, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún wọlé bí àlejò.

"Àrẹdú o, Ọyatúndùn! Aṣọ tí o rẹ fún mi yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí, ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ pàápàá kò rẹ irú rẹ̀."

Ọyatúndùn dìde, ó fi ìka kan aró, ó tọ́ ọ wò.

"Eérú ò tó, ìyá. Ẹ jẹ́ ká tún wọn rẹ."

Ọjọ́ karùn-ún pé, Ìyálóde kó aṣọ rẹ̀ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn aláró yòókù wá ń bi Ẹfúnbọ̀wálé ohun tó dé tó fi ń pariwo kí òṣìṣẹ́ láràárọ̀.

Ó ní, "Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣèmíì."