Rédíò Àtijọ́ Tí Wọ́n So Mọ́ Ampilifáyà

Ọkùnrin kan wà ní ìlú olókè kan nílẹ̀ Èkìtì tó so rédíò àtijọ́ mọ́ ampilifáyà ńlá, etí rédíò náà sì di lọ́jọ́ náà gan-an.

Oyèbámijí, o ti dìde ná. Jókòó. Bàbá ìyàwó rẹ kò ní sá kúrò nílé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Rédíò tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Ó ń gbọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ín yóò tẹ bọ́tìnnì, ohùn rẹ̀ yóò gba ara wáyà tí wọ́n nà sórí òpó jáde, yóò gun òfuurufú lọ, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ nílùú ẹlòmíràn. Bó bá ti gbọ́wọ́ kúrò lára bọ́tìnnì, súwíìṣì kékeré kan nínú rédíò yóò dún kẹ́, ẹnu a pa dé, etí a ṣí. Súwíìṣì náà kò ju èékánná ọmọdé lọ. Òun ló ń sọ ẹnu di etí.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni ọkùnrin náà. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí èéfín ìdáná bá ń fà lórí òrùlé, tí òkè sì ń di àwọ̀ aró, a máa jókòó ti rédíò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Fìrítáùn, nílẹ̀ Sàró, létí òkun, arúgbó kan tí ìdílé ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Wọn kò fojú kan ara wọn rí. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ síra wọn, ṣùgbọ́n "Kúṣẹ o" ni arúgbó náà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìkíni "ẹ kú iṣẹ́" tí àwọn ìyá rẹ̀ gbé sọdá omi, tí ẹnikẹ́ni kò rí gbà lọ́wọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ a máa wá pẹ̀lú ariwo tó jọ ìgbì, bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ ló gun òkè wá kí wọn. Ìyàwó olùkọ́ a dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀fọ́ tó ń já, a máa tẹ́tí.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àwọn tó mọ̀ sọ pé oòrùn ló ń fà á: ọdún kan wà tí òfuurufú ń gbé ohùn bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀, òmíràn sì wà tó ń jẹ́ kó rì. Olùkọ́ ṣì ń gbọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ìlú ńlá ti bo ohùn tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Arúgbó náà a pè títí. "Ará òkè, ṣé o wà níbẹ̀?" Olùkọ́ a dáhùn, a tún dáhùn, ohùn rẹ̀ a sì rì sójú ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, arúgbó náà sọ̀rọ̀ sínú òfìfo. Ó ní ọmọ òun obìnrin ń bọ̀ wá mú òun lọ sílé rẹ̀ bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọn yóò sì wó òpó wáyà òun. "Bí o bá ń gbọ́ mi, ará òkè, dágbére fún mi kí n tó lọ."

Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi lọ ra ampilifáyà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó gba ohùn kékeré kó sọ ọ́ di ńlá. Dúdú ni, ó wúwo, àwọn gílóòbù ńlá wà nínú rẹ̀ tó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹyin iná.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Nọ́ọ̀sì Òṣogbo," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń sọ, tí òun náà ní irú rédíò bẹ́ẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ẹnu wáyà bá ihò mu, o ò rí i ni? Ohun tó bá ti bára mu, ó ti gbà nìyẹn."

"Bàtà pásítọ̀ náà bá ẹsẹ̀ yín mu lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé tiyín ni?"

Olùkọ́ ti ń tú wáyà sílẹ̀. Ó fi wáyà kan ṣoṣo so rédíò mọ́ ampilifáyà, ó tan iná sí wọn, kò sì dúró kí gílóòbù gbóná. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́wọ́ kúrò. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kódà ariwo òkun tó máa ń gbọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó rò pé ohùn òun kò tíì dé ibi tó ń lọ, ló bá yí agbára rédíò dópin, ó ń kígbe. Ó kígbe títí òkùnkùn fi bo òkè.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì náà wakọ̀ gòkè wá láìpè. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló bú yín lánàá?"

"Kò sẹ́ni tó bú mi."

"Kí wá ló dé? Ohùn yín dà bíi páànù tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta. Ará Fìrítáùn ń dá yín lóhùn, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ó ń wí pé, 'Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ, rọra sọ̀rọ̀.' Ẹ kàn ń pariwo lé e lórí ni."

Olùkọ́ wá ibi jókòó. Àlejò tó ti ń retí ti kan ilẹ̀kùn títí, ariwo tirẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tú ìdí rédíò. Súwíìṣì kékeré náà ti jóná, ó ti lẹ̀ mọ́ ìhà ẹnu, etí kò sì lè ṣí mọ́. Ó ní iná tó wà lójú wáyà ampilifáyà pọ̀ ju èyí tí rédíò lè gbà mọ́ra lọ. Ó ní ampilifáyà kò ṣìkà, bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

"Kí lẹ fi sáàrin wọn?"

"Wáyà."

"Wáyà lásán? Ẹ so ọmọ-ọwọ́ mọ́ màlúù nìyẹn. Alárenà ni wọ́n nílò."

"Wọ́n ní bójú bá mọjú, alárenà á yẹ̀ba."

"Ojú tí ẹ wí ti jóná, Bọ̀ọ̀dá."

Ó padà sí Òṣogbo, ó tú súwíìṣì mìíràn láti inú rédíò kan tó ti kú nílé rẹ̀, ó sì gbé e wá. Ó sì ṣe àpótí kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó fi í ṣe alárenà sáàrin rédíò àti ampilifáyà. Súwíìṣì kan wà nínú rẹ̀ tó rọ̀ níhà ti rédíò, tó sì le níhà ti ampilifáyà. Ó yí agbára rédíò wá sílẹ̀ sí ìdajì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí gílóòbù gbóná kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹni tó ní ohùn ńlá lẹ́yìn kì í pariwo."

Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà. Nírọ̀lẹ́, olùkọ́ jókòó, ó ń wo bí gílóòbù ṣe ń pọ́n, tí oòrùn náà sì ń pọ́n lẹ́yìn òkè. Ó tẹ bọ́tìnnì jẹ́jẹ́. "Kúṣẹ o." Ó gbọ́wọ́ kúrò.

Òkun wọlé. Lẹ́yìn òkun, ohùn arúgbó náà.

"Kúṣẹ o, ará òkè. Ìwọ gan-an rèé. Ta ni wèrè tó ń lo ohùn rẹ lọ́jọ́sí?"

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Arúgbó náà sọ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò wó òpó òun. Wọ́n dágbére fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, ìgbì nìkan ló kù nínú rédíò, ó ń lọ, ó ń bọ̀, olùkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í títí òkè fi pòórá nínú òkùnkùn.

Oyèbámijí, àgbà tí ìyàwó rẹ sá lọ bá yẹn, rédíò àtijọ́ ni. Ìwọ ni ampilifáyà. N kò pè ọ́ ní ìkà. Ó dùn ọ́, ohun tó dùn ọ́ sì pọ̀ ju èyí tí etí rẹ̀ lè gbà lójú kan náà. O ní wọn kò dá ọ lóhùn nígbà tó o lọ. Níbo lo ti máa gbọ́ ìdáhùn? Láti ẹnu géètì lo ti ń kígbe títí o fi padà. O tún ní alárenà yín ti yẹ̀ba láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Òótọ́ ni, nígbà tí ojú mọjú ni. Ojú yín kò mọra mọ́. Lọ kí obìnrin tó ṣe alárenà yín nílé rẹ̀. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ti wù kó gbóná tó, kó bá ọ gbé ìwọ̀n tí wọ́n lè gbọ́ lọ. Bí wọ́n bá ranṣẹ́ padà, gbọ́wọ́ kúrò lára bọ́tìnnì.

Oyèbámijí kò lọ sílé bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Alárenà ló lọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n sì fún un lómi mu. Ìyàwó kò tíì padà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ní kí alárenà tún wá.